Àmì Pupa Létí Káàdì

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́. Èyí tó bá bá yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ mú. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti gbà kí ẹ máa gun àtẹ̀gùn? Ṣé ayálégbé ìsàlẹ̀ ṣì ń fi ìgbálẹ̀ yín gbá iwájú ilé tirẹ̀? Ẹ má bá a jà kí n tó dé o.

Ẹ ti ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ gidi lórí fóònù mọ́ torí ògiri ilé yín kò nípọn, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Iṣẹ́ ń lọ. Ilé ìfọṣọ yẹn náà ni mo ṣì wà, níbi tí a ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ló ń sá a gbẹ, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ló ń ká a. Ọ̀kan á di igun méjì mú lọ́hùn-ún, ọ̀kan á di igun méjì mú níhìn-ín, a ó rìn pàdé ara wa láàárín, a ó tún padà sẹ́yìn. Ẹgbẹ̀rin aṣọ lójúmọ́. Màmá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni èmi àti wọn jọ ń ká a. Ìyá Onígun là ń pè wọ́n, torí bí igun aṣọ ò bá bá ara wọn mu, wọ́n á ní ká tú u ká tún un ká.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo di igun méjì mú, mi ò lè rìn. Ìyá Onígun ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo dúró gbọn-in. Wọ́n ní, "Ó yá, wá pàdé mi." Mo ń gbọ́ wọn o. Dípò kí ẹsẹ̀ gbé, ẹkún ni mo bú sí. Kò sẹ́ni tó nà mí, kò sẹ́ni tó bú mi.

Màámi, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí oorun ti kọ̀ mí. Oúnjẹ ń rùn sí mi. Bó bá di ọjọ́ ìsinmi, ṣe ni mo máa ń dùbúlẹ̀ kọjú sógiri, mi ò ní wẹ̀, mi ò ní jẹ, mi ò ní fọhùn. Ara ò ro mí rárá. Ọkàn mi ló wúwo. Ìyá Onígun ní kí n lọ rí dókítà àdúgbò, ìyẹn dókítà tí kálukú forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí kó tó dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn.

Ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́ ní ilé ìlera. Kí lèèyàn máa ń sọ? Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Ìwọ ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Ara mi le. Orúnkún mi wà níbi tó wà. Ayálégbé ìsàlẹ̀ ti gbá ìgbálẹ̀ náà tán, igi rẹ̀ ló dá padà fún mi, ó ní òun dúpẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé rẹ, torí mo kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń ṣe mí. Ọkàn rẹ wúwo! Ẹ wá wo ọmọ mi lókè òkun, ó ti ń gbé ọkàn sórí òṣùwọ̀n. Kílò mélòó ló wọ̀n? Ọkàn ta ni ò wúwo? Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí o ò tí ì lè fúnra rẹ de okùn bàtà, dókítà wo ni mo gbé ọkàn mi tọ̀ lọ? Mo bọ́jú, mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo jókòó sídìí fèrèsé mi, mo ń pe "Ẹni tó kàn!"

O ní kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lo bi. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó ní yàrá káàdì. Kí dókítà tó rí èèyàn, èmi ni màá kọ́kọ́ rí i. Aláìsàn á na ọrùn sí ojú fèrèsé, èmi á bi í sókè pé, "Kí ló ń ṣe ọ́?" Bó bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, màá ní, "Sọ ọ́ sókè, mi ò gbọ́." Á sọ ọ́ sókè. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ náà á gbọ́, ìyẹn ò kàn mí. Èmi ló ń wá káàdì, èmi ló ń gbé e wọlé fún dókítà, èmi ló ń gbà á padà. Ohun tí dókítà bá sì kọ sínú rẹ̀, ojú mi ò fọ́.

Àwọn tó bá wá ní oorun kọ̀ wọ́n, pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, pé ọkàn wọn wúwo bíi ti Ìyáàfin ìwọ, a ní àmì tiwọn. Báírò pupa, tóóró kan báyìí létí káàdì lókè. O rò pé kí la fi ń ṣe? A fi ń rẹ́rìn-ín ni. Bí alámì pupa bá ti yọ, èmi àti ẹnì kejì mi ní fèrèsé á wo ara wa lójú, a ó sì fi ìwé bo ẹnu. Obìnrin kan wà tó ń ta bàtà, ó ní òun ń gbọ́ lílù ọkàn òun nínú etí. Títí tó fi kó kúrò ládùúgbò, Gbọ́kàn-létí là ń pè é. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá, Ọmọ Gbọ́kàn-létí ni wọ́n.

Torí náà má wá sọ fún mi pé dókítà ò ní sọ fẹ́nìkan. Dókítà kì í sọ. Yàrá káàdì ló ń sọ.

Bó bá di dandan kí o lọ, sọ pé orí ń fọ́ ọ. Orí fífọ́ ò dójú ti ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n á fún ọ ní oògùn, wàá sùn, ó parí. Má jẹ́ kí wọ́n kọ ìkọkúkọ sábẹ́ orúkọ bàbá rẹ. O ò tí ì lọ́kọ o. Àwọn àgbà tó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, wọn kì í ṣe òpònú.

Jẹun. Sùn. Gbé ẹkún mì. Sì sọ fún Ìyá Onígun kí wọ́n mójú tó igun tiwọn.

Èmi ìyá rẹ, tí kò ní káàdì níbì kankan.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú orúnkún. Mo ti fi ìpara kan ránṣẹ́, ẹ máa fi ra á láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ń rùn o, ṣùgbọ́n Ìyá Onígun ní ó dájú.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo lọ. Kò sí fèrèsé káàdì níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan ló wà lára ògiri, èèyàn á tẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí i, ẹ̀rọ á ní kó lọ jókòó. Àga mọ́kànlá, ẹja kan ṣoṣo nínú àpótí dígí. Ẹ̀rọ náà kì í bi èèyàn pé kí ló ń ṣe ọ́, kì í sì í fi ìwé bo ẹnu.

Dókítà yẹn kéré lọ́jọ́ orí, bóyá ni kò ní jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fọ abọ́. Ó ní kí lòun lè bá mi ṣe. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó yẹ ojú mi wò, ó yẹ etí mi wò, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó fún mi ní oògùn orí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá mo padà lọ. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ ò ní nǹkan kan. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní orí ń fọ́ mi. Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti wá. Ẹ fọwọ́ kan iwájú orí lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fọwọ́ kan ìpàkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, òní lẹ̀ ń fọwọ́ kan àyà. Níbo ni orí yín wà gan-an?"

Màámi, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ̀yin lẹ fi òwe yẹn kọ́ mi, ẹ sì rán mi lọ pa làpálàpá nígbà mẹ́ta. Ẹ kọ̀ láti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mo bá kúkú bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe di igun aṣọ mú tí ẹsẹ̀ ò gbé. Ó gbọ́ ọ dópin. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ mélòó lẹ ò sùn, ọjọ́ mélòó ni inú yín ò dùn sí nǹkan kan. Mo dáhùn mẹ́jọ bó ṣe rí. Mo fi òdo sí ìkẹsàn-án.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tó jẹ́ kí n máa kọ ìwé yìí. Ó ní ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí mi tí irú rẹ̀ ti ṣe rí, tàbí òdìkejì rẹ̀: ẹni tí kì í sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí kì í sì í rẹ̀ ẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń lé e, tó ń kó ẹrù rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Mo ní kò sí. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó, torí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi láti máa dáhùn. Ṣùgbọ́n ojú Àǹtí Kékeré ló wá sí mi lọ́kàn.

Dókítà ní kí n fara balẹ̀ béèrè nílé. Ó ní oògùn tó ń gbé ọkàn ẹlòmíì dìde lè ju ẹlòmíì sókè òrùlé bí irú àìsàn kejì yẹn bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun ò ní fọwọ́ kan oògùn yẹn títí òun á fi mọ̀. Mo bẹ̀ yín. Àbúrò yín kan ṣoṣo nìyẹn. Kí ló ṣe wọ́n? Níbo ni wọ́n wà?

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo gba ìpara. Òórùn rẹ̀ lé ayálégbé ìsàlẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi fún ọjọ́ méjì, torí náà mo dúpẹ́.

O kú àṣeyọrí. Mo rán ọ ní orí fífọ́, iṣẹ́ tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè jẹ́, o ò lè jẹ́ ẹ. Ṣé èèyàn á fọwọ́ kan iwájú lónìí, á fọwọ́ kan ẹ̀yìn lọ́la, á wá sọ̀ kalẹ̀ sí àyà? Bí èèyàn bá máa purọ́, ṣé kì í ní ojú kan tó ń gbé e sí ni? Dókítà tó wá ń ka ibi tí ọwọ́ aláìsàn kàn, ó dájú pé iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́sàn-án! "Ṣé inú yín ń dùn sí nǹkan?" Ta ni inú rẹ̀ ń dùn? Bí wọ́n bá gbé ìwé yẹn dé òpópónà wa níbí, wọn ò ní fi ẹyọ ẹnì kan sílẹ̀, wọ́n á kó wa lọ tàgbà tèwe, ayálégbé ìsàlẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ kó. Àwọn tí nǹkan ò tíì ṣe, tí wọ́n jókòó ti ẹja nínú dígí, àwọn ló ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wá ní kí èmi wá jẹ́rìí. Èmi! Kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé àrùn wà nínú ìdílé wa, kí ẹ̀rọ tí kì í rẹ́rìn-ín lè gbé e mì. Ta ló sọ fún ọ pé kì í rẹ́rìn-ín? Ta ló jókòó sídìí rẹ̀ lẹ́yìn ògiri?

Àǹtí Kékeré rìnrìn àjò. Ohun tí mo sọ fún ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ nìyẹn, òun náà ni mo ń sọ fún ọ lónìí. O tún fẹ́ sọ pé ó kun ilé. Ó kun ilé, bẹ́ẹ̀ ni! Ṣé kíkun ilé ti di àìsàn? Àwọn tó ń kun ilé jẹun ńkọ́, ṣé gbogbo wọn ló ya wèrè? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òun náà ló fẹnu ara rẹ̀ rojọ́ fún dókítà, ṣé ó dáa fún un?

Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí. Àwa méjì ni ìyá wa bí, mo wà níbí, orí mi pé, ó tó.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Màámi,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́.

Ẹ ní wọ́n fẹnu ara wọn rojọ́ fún dókítà. Nítorí náà dókítà wà. Bí dókítà bá wà, káàdì wà. Ilé ìlera kan ṣoṣo ló sì wà ládùúgbò wa nígbà yẹn. Ta ló gbé káàdì náà wọlé? Ta ló gbà á padà?

Mi ò gbàgbé. Yàrá mẹ́ta ni Àǹtí Kékeré kùn láàárín ọjọ́ méjì, àwọ̀ ewéko, ilẹ̀kùn, férémù fèrèsé, títí dórí dígí tí ẹ fi ń wojú. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé mi lé èjìká. Wọ́n kó gbogbo bàtà wọn fún àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì, ọ̀tún fún ẹnì kan, òsì fún ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dùbúlẹ̀ kọjú sógiri tí wọ́n kùn yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mo ṣe ń kọjú sí tèmi báyìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo sì tún rántí ìgbà kan lẹ́yìn ìyẹn tí ara wọn balẹ̀, tí wọ́n ń dirun fún mi, tí wọ́n ń gbé oògùn kan mì láràárọ̀ pẹ̀lú omi tútù. Ara wọn yá nígbà yẹn. Ọmọdé ni mí, mi ò fọ́jú.

Mo sọ ìyẹn fún dókítà. Ó ní òun fẹ́ mọ orúkọ oògùn náà, torí ohun tó bá ẹ̀jẹ̀ wọn mu lè bá tèmi mu. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tó wà nínú káàdì gbogbo ayé, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ ti àbúrò yín.

Mò ń retí yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Màámi,

Ó ti lé ní oṣù kan. Mo ti rò pé bóyá ìwé sọnù, mo sì mọ̀ pé kò sọnù.

Ìbéèrè kẹsàn-án tí mo fi òdo sí nìyí: "Ṣé ó máa ń ṣe yín bí ẹni pé ó sàn kí ẹ kúkú kú?" Irọ́ ni òdo náà. Nígbàkígbà tí mo bá kà á, ohùn yín ni mò ń gbọ́, tó ń ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mi ò bú yín o. Ohun tí mò ń gbọ́ ni mò ń sọ.

Mo ti padà lọ sọ òótọ́ fún dókítà. Ó ní kí n má dá gbé. Ìyá Onígun ti gbé ẹní wọn wá sí yàrá mi, wọ́n ń hanrun, wọ́n sì ń bi mí lójoojúmọ́ bí nọ́ńbà kẹsàn-án ṣe rí, bí ẹni ń béèrè oúnjẹ àárọ̀. Dókítà ti kọ̀wé sí dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn ńlá, màá rí i ní ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Ó ní ìbéèrè kan náà ni ẹni yẹn máa kọ́kọ́ bi mí.

Mi ò ní bẹ̀ yín mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mi ò ní kí ọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ, màá kí ọ títí ìwé á fi kún, mi ò sì ní sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Èmi ni mo gbé káàdì náà wọlé, èmi ni mo gbà á padà.

Ọjọ́ ajé kan ni àbúrò mi wá sí fèrèsé. Ó tò bí gbogbo èèyàn, kò fi orúkọ mi fo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kàn án, mo bi í sókè bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí: "Kí ló ń ṣe ọ́?" Ó wojú mi, ó ní, "Orí ń fọ́ mi." Inú ilé lọ́dọ̀ dókítà ló ti sọ òótọ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ kí n tó dá káàdì padà sí àyè rẹ̀. Àìsùn, ìwà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà kíkọjú sógiri, bí ayọ̀ ṣe ń gbé e lọ tí ìbànújẹ́ ń gbé e bọ̀, ó pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Mo mú báírò pupa, mo sì fi àmì náà sí i létí. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí.

Oògùn náà bá a mu. Oṣù méje ni ara rẹ̀ fi balẹ̀, bí o ṣe rántí. Káfíńtà kan fẹ́ fẹ́ ẹ, ọmọ jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kan ẹnì kejì mi ní fèrèsé bá káàdì rẹ̀ pàdé, ó ní, "Alámì pupa yìí ńkọ́?" Mo ní, "Àbúrò mi nìyẹn," mo sì fi dígí tó kùn ṣe ẹ̀fẹ̀ fún un. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá káfíńtà fi ránṣẹ́ pé ọmọ òun ti rí ẹlòmíì.

Àbúrò mi wá sí fèrèsé. Ó ní kí n fún òun ní káàdì òun. Mo fún un. Ó wo etí rẹ̀, ó pẹ́ tó fi wò ó. Ó fà á ya sí méjì, ó gba ojú fèrèsé jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́." Kò sunkún, kò pariwo. Ọjọ́ yẹn ló kúrò nílé wa. Ìrìn àjò tí mo ń sọ fún ọ láti ìgbà náà wá, wákàtí méjì péré ni, lórí ọkọ̀. Ó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi ní ọdún àkọ́kọ́, kò kọ ohun mìíràn sí i. Mi ò dá a lóhùn. Ọdún mọ́kàndínlógún.

Mo ń fi Gbọ́kàn-létí ṣẹ̀sín fún ọ nínú ìwé mi bí ẹni pé mo gba oyè nídìí rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mo mọ àìsàn gbogbo àdúgbò, ìwé ọmọ mi wà níwájú mi fún oṣù kan, mò ń yí i sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí kò mọ̀wé. Ìgbà tí ìwé rẹ kejì wá dé, tí mo ka ibi tí o ti ní ohùn mi lò ń gbọ́, mo wá ìgò ìpara, mo fi ra orúnkún méjèèjì, mo wọ ọkọ̀.

Ilé ayálégbé púpọ̀ ló ń gbé, yàrá yí àgbàlá ká, omi ẹ̀rọ wà láàárín. Àwọn obìnrin ń fọṣọ níbẹ̀, wọ́n tó mẹ́jọ. Mo béèrè rẹ̀, wọ́n ní, "Akunlé ni? Ó wà nínú ilé." Kíkun ilé ló fi ń jẹun. Rántí ohun tí mo kọ sí ọ nípa àwọn tó ń kun ilé jẹun. Ó jáde sí mi, ọ̀dà funfun wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, irun rẹ̀ ti ń hewú bíi tèmi. Kò kúnlẹ̀, kò dì mọ́ mi. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì gbóhùn sókè:

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń ṣe yín?"

Gbogbo àwọn tó wà nídìí omi yíjú. Mo ní ká wọlé ká sọ ọ́. Ó ní níbẹ̀ náà dáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ sókè, mi ò gbọ́."

Mo sọ ọ́ sókè. Mo ní, "Ọmọ mi ń ṣàìsàn. Àìsàn tó ṣe ọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù pé ó ń ṣe é. Èmi ni mo tú àṣírí rẹ nígbà yẹn, èmi ni mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá tọrọ orúkọ oògùn tó wò ọ́." Obìnrin kan ò fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Òmíràn fi aṣọ tútù bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo mọ ẹ̀rín yẹn dáadáa. Èmi ni mo ni ín.

Àbúrò mi wọlé, kò sọ pé kí n jókòó. Ó pẹ́. Orúnkún mi ń jó mi bí iná, mo dúró gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú mi. Nígbà tó jáde, ó fún mi ní àpòòwé kan tó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa, orúkọ rẹ ló wà lórí rẹ̀. Ó ní orúkọ oògùn wà nínú ẹ̀, òun ṣì ń lò ó títí dòní, ó sì ní òun kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ó ní, "Fún ọmọ náà ni, kì í ṣe fún yín." Ó padà sínú ilé.

Ọmọ mi, irọ́ ni mo pa fún ọ. Ikú ò yá ju ẹ̀sín lọ. Mo jẹ ẹ̀sín náà lójú obìnrin mẹ́jọ, mo wọ ọkọ̀ padà wálé, ebi ń pa mí, mo jẹun, mo sùn. Ẹ̀sín ò pa mí. Má jẹ́ kí ohùn mi pa ọ́. Bó bá tún sọ ọ́ sí ọ létí, sọ fún un pé ìyá rẹ ní irọ́ ni. Kí Ìyá Onígun máa bi ọ́ lójoojúmọ́, bá mi dọ̀bálẹ̀ fún wọn, bí obìnrin bá ń dọ̀bálẹ̀. Bí dókítà àgbà bá bi ọ́ bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí, sọ pé ó wà, àbúrò ìyá rẹ, ó wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́.

Àpòòwé náà wà nínú èyí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ka ìwé olówó àti tálákà, ìwé ọkọ, ìwé aya, ìwé àbúrò mi. Láti ọjọ́ tí àpòòwé yìí ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ ló ti wà lórí tábìlì mi, tí mo ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mi ò ṣí i.

Èmi ìyá rẹ.